Àwọn Tó Fi Òwò Tún Ìlú Ṣe: Láti Èsúsú Ìdó-Ilé Títí Dé Ìkógósì

Ẹni tó bá gbọ́ Ìdó ní ilẹ̀ Èkìtì, Ìdó-Fábọ̀rọ̀ tí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Ìdó-Ilé kọ́ nìyẹn. Ìdó-Ilé wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tó fi Àràmọ̀kọ ṣe ibùjókòó, aládùúgbò Òkè-Mẹ̀sí ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni òpó tó gbé e ró. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ àwọn tó fi òwò tún ìlú ṣe. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń ka àwọn tó dá òwò sílẹ̀ nítorí kí ìlú lè dára, Bangladesh ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ, kí wọ́n tó bọ́ sí Amẹ́ríkà. Kò burú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin abúlé lówó ní 1976, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Bill Drayton dá ẹgbẹ́ Ashoka sílẹ̀ ní 1980 láti máa ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n apá Èkìtì tiwa yìí ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí a máa kà á bí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Inú oko ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àáró ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi ń kọ ebè: bí ẹni márùn-ún bá pa pọ̀, wọ́n á ṣe oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Iṣẹ́ ńlá bí ilé kíkọ́ ni wọ́n ń torí rẹ̀ bẹ ọ̀wẹ̀, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ á sì gúnyán fún gbogbo wọn. Èsúsú ló gbé ọgbọ́n yìí kan náà wọ inú owó. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o kò san èlé, ẹni tó kó o kẹ́yìn kò gba èlé. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, náà kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní 1952. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń kó láì dá. Òun ni mo sì fẹ́ fi wo gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí ibi tí owó àwọn tí nǹkan wà fún bá wà nínú nǹkan náà, tí wọ́n sì ń rí ìṣirò rẹ̀, ó máa ń pẹ́. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, kì í pẹ́ dẹnu kọlẹ̀.

Ogun ló kọ́kọ́ fi hàn wá bí owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá ṣe lágbára tó. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí, ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìmẹ̀sí-Ìgbódò nígbà náà, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ sì di Ogun Kírìjì. Bí a bá ń sọ ìtàn ogun yìí, àwọn jagunjagun bíi Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé la máa ń ròyìn. A kì í sọ púpọ̀ nípa àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, àwọn tí ogun ti kó lẹ́rú rí àti ọmọ wọn, tí wọ́n ti Sàró àti Bràsílì padà wálé, tí wọ́n wá ń ṣòwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dáwó, owó náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ra ìbọn ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ti ìdí ki ọta sí, ránṣẹ́ sí ojú ogun. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Ìbàdàn kò ti ròkè mọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Johnson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ìbọn kì í tún ìlú ṣe, mo mọ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tó ń dáwó kọ́ ilé ìwé tàbí tó ń gbẹ́ kànga sílé, ọmọ-ọmọ ẹgbẹ́ Èkó yẹn ni.

Lẹ́yìn ogun, kòkó dé. Ẹni tí kò bá tíì ṣe oko kòkó rí lè má mọ ibi tí ìyà àgbẹ̀ wà gan-an. Àgbẹ̀ á ká kòkó, á pa á, á kó hóró rẹ̀ jọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ooru lè mú un dáadáa, kó tó sá a sí oòrùn. Bí kò bá jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ pé, tàbí tí kò gbẹ tó, kòkó náà á hu, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Kí ló ń lé àgbẹ̀ tó fi ń kánjú? Gbèsè ni. Láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, nígbà tí owó ti tán nílé tí kòkó tuntun kò tíì gbó, àgbẹ̀ á gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó, á fi èyí tó ṣì wà lórí igi ṣe ìdúró, tàbí kó fi oko dógò. Nígbà tí ìkórè bá dé, ẹni tó yá a lówó ló ń dá iye lé e, òun náà ló sì ni òṣùwọ̀n.

Àìsàn yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wá wò. J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége ti ṣe ẹgbẹ́ tiwọn ní 1907. Nígbà tó yá, ìjọba amúnisìn rán C. F. Strickland wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, òfin alájẹṣẹ́kù sì jáde ní 1935, pẹ̀lú E. F. G. Haig gẹ́gẹ́ bí olùforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ó tàn ká ilẹ̀ kòkó, ó sì dé Èkìtì. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé kòkó wá sí ilé ìkẹ́rùsí kan ṣoṣo. Ojú gbogbo wọn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, akọ̀wé á sì kọ orúkọ, ìwọ̀n àti iye owó sínú ìwé. Ẹgbẹ́ á tà á pọ̀, kò ní jẹ́ pé àgbẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bá ẹni tó ń ra kòkó dúnàádúrà. Bí ọdún bá parí, èrè á padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí kòkó tí kálukú gbé wá ṣe pọ̀ tó. Nínú owó tí wọ́n fi pa mọ́ ni wọ́n ti ń yá ara wọn nígbà ọ̀wọ́n, ìdógò oko sì ń dínkù. Òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wá yẹ ìwé wọn wò. Àwọn akọ̀wé alájẹṣẹ́kù wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju ẹni tó ka ìwé mẹ́fà lọ, ni mo kà sí àgbà nínú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í sí nínú ìwé ìtàn.

Ní 1953, àwọn alájẹṣẹ́kù ní ilé ìfowópamọ́ tiwọn ní Ìbàdàn, Co-operative Bank. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà báńkì àwọn òyìnbó ló di onílé ìfowópamọ́. Kí ló wá gbẹ̀yìn rẹ̀? Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì pa pọ̀ di ńlá, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn di Skye Bank ní 2006. Ní 2018, wọ́n gba ìwé àṣẹ Skye, Polaris ló sì gbapò rẹ̀. Kò sí orúkọ àgbẹ̀ kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí pé a kò sunkún rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìgbìmọ̀ títa kòkó ti ìjọba náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti 1947 ni ìjọba ti ń ra kòkó ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ó sì ń tọ́jú ìyókù. Owó yẹn ràn wá lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú láéláé, nítorí ó kó ọmọ àgbẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń ná an. Ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà ní 1968 sí 1969 fi ìbínú tó wà nísàlẹ̀ hàn. Ní 1986 ni ìjọba tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Ilé ìwé Christ's School tí Àlùfáà Àgbà Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní Adó ní 1933 ṣe tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ yìí. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí tó kàwé níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun (1935 sí 1995), dókítà ọpọlọ àti iṣan ara, ẹni tó fi ìwádìí so àìsàn ẹsẹ̀ àti ojú àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá mọ́ oró sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Mo mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàárí, tí wọ́n ń mú oró náà kúrò, ni ìlera wa wà.

Àwọn obìnrin yìí ni Olóyè Bísí Ògúnléyè ṣe iṣẹ́ wọn fún. Ní 1982, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n dá ẹgbẹ́ obìnrin ìgbèríko tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí COWAN sílẹ̀, pẹ̀lú ibùjókòó ní Àkúrẹ́. Wọn kò sọ fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó. Olóyè mọ̀ pé àwọn obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n. Orí èsúsú ni wọ́n gbé báńkì wọn lé: owó tí ẹgbẹ́ fi pa mọ́ ló ń ṣáájú, ẹ̀yáwó ń tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ sì ni onídùúró, nítorí pé ìwé ilẹ̀ kì í sí lọ́wọ́ obìnrin. Ẹ wo gàárí. Obìnrin kan á bó ẹ̀gẹ́, á gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ, á sanwó lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Á dì í sínú àpò, á fún un, á kù ú, á yan án. Èyí tó bá kù nínú owó lẹ́yìn igi ìdáná àti ẹ̀rọ kò tó nǹkan. Bí ẹgbẹ́ bá wá ra ẹ̀rọ tirẹ̀, owó agbọ̀n tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ di owó ẹgbẹ́, ẹ̀gẹ́ á sì lè dúró ní iye ọjọ́ tó yẹ kó tó dé orí iná, torí pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ní 1996, àjọ The Hunger Project fún Olóyè Ògúnléyè ní ẹ̀bùn adarí Áfíríkà nínú ìgbógunti ebi. Ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì dá dúró.

Èkó ní tirẹ̀. Isaac Durojaiye tí wọ́n ń pè ní Ọ̀túnba Gaddafi sọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká di òwò, ó sì fi àwọn ọ̀dọ́ aláìníṣẹ́ sídìí rẹ̀. Bilikiss Adebiyi dá Wecyclers sílẹ̀ ní 2012. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike àti agolo láti ilé dé ilé, àwọn tó kó o fún wọn sì ń gba máàkì tí wọ́n fi ń gba nǹkan ìlò. Àwọn tó dá PiggyVest sílẹ̀ ní 2016 sọ pé obìnrin kan tó fi ₦1,000 sínú kóló lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan ló mú wọn ronú kàn án. Èrè ni wọ́n ń wá, wọn kò sì sẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ inú àṣà wa ni wọ́n ti rí i.

Lọ́dọ̀ wa, Ìkógósì ni mo ń wò báyìí. Odò gbígbóná àti tútù ń pàdé níbẹ̀ láìjìnnà sí Erínjìyàn àti sí ìtàkìtì omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò. Míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, John McGee, ló kọ́ àgọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ìjọba tún un ṣe léraléra, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló sì ń ṣàkóso rẹ̀ lónìí. N kò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí iṣu, gàárí, epo, ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àlejò ń jẹ níbẹ̀ ti ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù obìnrin Ìkógósì, Ìpólé, Erínjìyàn àti Ìdó-Ilé wá, lórí àdéhùn ọdún kan tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, kí owó máa dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí akọ̀wé sì máa ka ìwé ìṣirò náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ náà nílò oúnjẹ lójoojúmọ́, àwọn obìnrin náà sì ní oúnjẹ. Ìwé àdéhùn ló kù.