Ìdí tí etí ìkòkò fi ń jóni ju ọmọrogùn lọ
Àwọn tó ń ro láfún lọ́jà Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, mọ̀ pé etí ìkòkò alumíníọ́mù á ti máa jóni nígbà tí ọmọrogùn ṣì ṣeé dì mú. Nínú igi, àwọn èérún tíntìntín ló ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ti ooru síra wọn. Ìyẹn ò yá rárá. Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó ń sáré káàkiri inú alumíníọ́mù ló ń gbé ooru tirẹ̀, ó sì fi ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún yá ju ti igi lọ.

Àkísà gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbé ìkòkò o. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Tó bá rin, omi ti gba ipò afẹ́fẹ́, omi sì ń gbé ooru ní ìlọ́po tó lé ní 20 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ọwọ́ á ti bó kẹ́ ẹ tó sọ ìkòkò kalẹ̀.