Didier Drogba: Bí bọ́ọ̀lù ṣe wọ Bouaké kí ààrẹ Ivory Coast tó lè wọ ibẹ̀

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2007, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Ivory Coast na Madagascar ní àmì ayò márùn-ún sí òdo. Èsì yẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà ló di ìròyìn káàkiri ayé. Bouaké ni, ìlú tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ṣe ibùdó láti ọdún 2002, tí ààrẹ orílẹ̀èdè náà, Laurent Gbagbo, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọmọ ogun ìjọba àti ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ jọ wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Didier Drogba ló gbá bọ́ọ̀lù karùn-ún wọlé.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé agbábọ́ọ̀lù kan ló dá ogun dúró. Ìtàn tó dùn-ún gbọ́ ni, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ta ni ọmọ onílẹ̀?

Bouaké wà ní àárín gbùngbùn Ivory Coast, ó tó nǹkan bíi 350 kìlómítà sí Abidjan. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n tipẹ́, torí pé níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti gbá ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 1984. Mudashiru Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn, ló gbá ayò kan ṣoṣo tí Nàìjíríà rí wọlé nígbà tí Cameroon na wọ́n nínú àṣekágbá ọdún náà.

Ní àwọn ọdún 1990, nígbà ìjọba Henri Konan Bédié, ọ̀rọ̀ kan gbòde: ivoirité. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí wọ́n máa ya ojúlówó ọmọ Ivory Coast sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n kà sí àjèjì. Àwọn ará àríwá, tí orúkọ wọn jọ ti àwọn ará Mali àti Burkina Faso, ló forí fá a jù. Wọn kò jẹ́ kí Alassane Ouattara díje fún ipò ààrẹ ní ọdún 2000, nítorí wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá ọmọ ilẹ̀ náà ni. Àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìran wọn ti ń lọ ṣòwò ní Ivory Coast láti ọjọ́ pípẹ́, mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ kùnà ní Abidjan, ṣùgbọ́n Bouaké àti Korhogo bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Guillaume Soro, tó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí, ló di aṣáájú wọn. Ilẹ̀ náà pín sí méjì, àwọn ọmọ ogun France àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì wà láàárín.

Ìkúnlẹ̀ ní Omdurman

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, Ivory Coast na Sudan 3-1 ní Omdurman. Lọ́jọ́ kan náà, Cameroon àti Egypt ta ọ̀mì ní Yaoundé, lẹ́yìn tí Pierre Womé pàdánù gbá-á-sílé-kí-n-gbá-a-wọlé ní ìparí eré. Báyìí ni Ivory Coast ṣe rí ọ̀nà lọ sí ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nínú yàrá ìmúra, Drogba gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì yí i ká níwájú kámẹ́rà. Ó bá àwọn ará àríwá, gúúsù, àárín gbùngbùn àti ìwọ̀ oòrùn sọ̀rọ̀, ó ní ikọ̀ àwọn ti fi hàn pé gbogbo wọn lè jọ gbé pọ̀. Wọ́n wá kúnlẹ̀, wọ́n bẹ àwọn èèyàn wọn kí wọ́n dáríjì ara wọn, kí wọ́n jọ̀wọ́ ohun ìjà, kí wọ́n sì ṣètò ìdìbò. Lọ́dọ̀ Yorùbá, obìnrin ló ń kúnlẹ̀, ọkùnrin a sì dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ti ní yé èèyàn.

Ṣé ogun dúró? Ìjà tó gbóná ti rọlẹ̀ ṣáájú, lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù Kọkànlá ọdún 2004, nígbà tí bàálù ìjọba ju bọ́ǹbù sí Bouaké tó sì pa ọmọ ogun France mẹ́sàn-án. Ìdìbò tí Drogba bẹ̀bẹ̀ fún, tó yẹ kó wáyé lóṣù náà gan-an, kò wáyé títí di ọdún 2010.

Ní ọdún 1978, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, James MacGregor Burns, kọ̀wé pé oríṣi adarí méjì ló wà. Àwọn kan ń ṣe pàṣípààrọ̀: fún mi ní ìbò, kí n la ọ̀nà fún ọ. Àwọn kejì ń yí ohun tí àwọn èèyàn ń lépa padà, àwọn náà a sì yí padà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Drogba, ẹ̀bẹ̀ Omdurman ni gbogbo ayé ń wò lórí fídíò, ṣùgbọ́n Bouaké ni iṣẹ́ wà.

Ìdí ni pé ọmọ Bété ni Drogba, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú Ààrẹ Gbagbo. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà fún ọdún 2006, Bouaké ló gbé e lọ, ó sì ní kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Madagascar níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti bí méjì nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, Kolo àti Yaya Touré, ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ná an ní nǹkan púpọ̀. Èyí lè bà á lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà ti là díẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2007, Gbagbo àti Soro fọwọ́ sí àdéhùn ní Ouagadougou, Blaise Compaoré ló ṣe alárinà. Soro di olóòtú ìjọba ní ìparí oṣù náà. Àwọn tó ní ìbọn ló fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn aráàlú ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti já wọn kulẹ̀. Ohun tí wọn kò tíì rí ni kí ikọ̀ orílẹ̀èdè wọn wá sí Bouaké.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n yìnbọn rọ́kẹ́ẹ̀tì lu bàálù Soro ní pápákọ̀ òfurufú Bouaké. Èèyàn kú, orí kó Soro yọ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, Gbagbo wá sí Bouaké, òun àti Soro sì dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré.

Àlàáfíà náà kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, Gbagbo kọ̀ láti gbé ìjọba fún Ouattara, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tó kú. Drogba wà lára àwọn tí wọ́n yàn sí ìgbìmọ̀ tó ń wá ìlàjà ní ọdún 2011. Nígbà tó díje láti di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ivory Coast ní ọdún 2022, ó fìdí rẹmi.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2024, Ivory Coast tún gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, ní pápá tí wọ́n ń pè ní Stade de la Paix, ìyẹn Pápá Àlàáfíà. Mali ni wọ́n pàdé, èèyàn mẹ́wàá ló sì kù fún wọn lórí pápá. Simon Adingra dá ayò kan padà nígbà tí eré ń parí lọ. Ní ìparí àfikún àkókò, ẹni tó gbá ayò ìṣẹ́gun wọlé, tí gbogbo pápá fi mì tìtì, ń jẹ́ Oumar Diakité. Ní ọdún 2002, irú orúkọ yẹn lè mú kí sọ́jà dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà Abidjan.