Okùn Mẹ́rin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, kì í ṣe Fẹlá ni mo gbé wá lónìí o. Olivier Messiaen ni, ará Faransé kan tó kọ orin táwọn mìíràn máa gbọ́ tí wọ́n á ní igbá àtàwo ló ń já lulẹ̀. Avignon ni wọ́n ti bí i ní 1908. Akéwì ni ìyá rẹ̀, Cécile Sauvage, ó sì ti ń kọ ewì fún un nígbà tó ṣì wà nínú oyún. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ewì ò wúlò, ẹ ń gbọ́?) Láti 1931 títí tó fi kú ní 1992, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Trinité ní Paris.

Ní 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì mú un, wọ́n kó o lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Görlitz. Ebi ńkọ́, òtútù ńkọ́! Olórin mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: Le Boulaire ń ta violin, Pasquier ń ta cello, ẹ̀gbọ́n violin tí wọ́n máa ń fi sáàárín orókún, Akoka ń fọn clarinet, fèrè dúdú gígùn yẹn. Ẹ̀ṣọ́ Jámánì kan, Karl-Albert Brüll, bá a wá bébà àti pẹ́ńsù. Ó wá kọ Quatuor pour la fin du temps, orin òpin àkókò, nítorí áńgẹ́lì inú Ìwé Ìfihàn. Ní January 15, 1941, wọ́n ṣeré náà fáwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Messiaen máa ń sọ pé okùn mẹ́ta péré ló wà lára cello ọjọ́ náà, pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló wá gbọ́. Pasquier ní irọ́ ni, okùn mẹ́rin ni. Àwọn èèyàn ò sì ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ti Pasquier ni mo gbà. Ta ló máa mọ okùn cello ju ẹni tó ta á lọ? Àwa tá à ń ka oríkì ṣáà mọ bí ẹnì kan ṣe ń di igba lẹ́nu akéwì. N ò bá Messiaen jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé okùn mẹ́ta lòkìkí rẹ̀ kàn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ Akoka. Júù ni Akoka. Messiaen padà sílé ní 1941. Lọ́dún yẹn kan náà, Akoka fò látinú rélùwéè tó ń sáré, ó gbé clarinet rẹ̀ mọ́ra, ó sá lọ.

Apá kẹta nínú orin náà, clarinet nìkan ló ń dá fọn ún. Akoka ló kọ ọ́ fún.