Ọ̀mùtí

Ọ̀mùtí ni ẹni tí ọtí ti di bárakú fún. Láàárín wa, èébú ni. Wọ́n á fi bú baba lójú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, tí Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith dá sílẹ̀ nílùú Akron, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935, ẹnu ara ẹni ni èèyàn fi ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á dárúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, á ní, "Ọ̀mùtí ni mí." Àwọn tó kù, tàwọn ti ife kọfí lọ́wọ́, á sì fi orúkọ àkọ́kọ́ yẹn kí i. Kò sẹ́ni tí yóò yọ ṣùtì sí i: ta ni yóò bú ta ni níbẹ̀? Ẹni tó ti jáwọ́ tipẹ́ pàápàá ṣì ń sọ ọ́. Wọn kì í gbowó ìwọlé; kó ṣáà ti wu èèyàn láti jáwọ́.