Awọ Ara Irin: Láti Sáílẹ́ńsà Ojú Ẹlẹ́gbà dé Inú Fuel Cell

Ẹni tó bá gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá nígbà tí NEPA bá mú iná lọ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Jẹnẹrétọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan á máa dá ti èkejì lóhùn. Ẹ wo sáílẹ́ńsà ọ̀kan nínú wọn dáadáa: ara rẹ̀ á ti pọ́n, á máa ṣí wẹ́wẹ́ bí ara tí èépá bò. Òjò dá sí i lóòótọ́, àmọ́ ooru ló mú iṣẹ́ náà yá. Irin tó bá gbóná kì í pẹ́ bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dàpọ̀.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ èyí tipẹ́. Bí wọ́n bá yọ irin pípọ́n nínú iná tí wọ́n fi ọmọ owú lù ú, èépá dúdú á máa bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Èyí tó ti di èépá ti bá ọ̀nà lọ nìyẹn, kò ṣeé rọ mọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé a lè rí irin tí èépá rẹ̀ kò ní bọ́, tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ?

Ní 1913, ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ń wá irin tí ooru kò ní tètè jẹ nínú ọ̀pá ìbọn. Ó po kírómíọ̀mù mọ́ irin, ó tó nǹkan bí ìdá 13 nínú 100. Irin tí à ń pè ní stainless lónìí ló bá pàdé. Àṣírí rẹ̀ ni pé kírómíọ̀mù máa ń ṣáájú irin gbá ọ́síjìn mú, ó sì ń fi ṣe awọ tín-ín-rín tó dì pinpin. Nítorí náà, irin tí a ní kò ní ìpáàrà, ó ní in o! Ìpáàrà rẹ̀ gan-an ni olùṣọ́ rẹ̀. Ní 1933, Carl Wagner, ọmọ Jámánì, ṣàlàyé bí irú awọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà: bó bá ṣe ń nípọn sí i ni ìdàgbà rẹ̀ ń falẹ̀. Kó tó di ìlọ́po méjì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká wá wo fuel cell. William Grove, ọmọ Wales, ló kọ́kọ́ fi hàn ní 1839 pé háídírójìn àti ọ́síjìn lè pàdé kí wọ́n sì fún wa ní iná mànàmáná láìsí ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo. Ní 1937, Baur àti Preis ní Switzerland ṣe irú èyí tó ń lo sẹ̀rámíìkì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin lásán kò lè dúró níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sẹ̀rámíìkì ni wọ́n tún fi ń so àwọn cell náà pọ̀. Ó wọ́n, ó sì máa ń fọ́. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1990, tí sẹ̀rámíìkì inú rẹ̀ ti di tín-ín-rín débi pé 700 sí 800 ti tó o, ni stainless tó ráyè wọlé.

Àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Awọ tó ń ṣọ́ irin yìí ló tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, bó ṣe ń nípọn ló ń dínà fún iná. Awọ alumíníọ̀mù ìbá ṣọ́ irin jù ú lọ, àmọ́ òun kì í jẹ́ kí iná kọjá rárá. Ìkejì, bí ooru bá pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, díẹ̀ nínú kírómíọ̀mù á bá èéfín lọ, á lọ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, á sì dí i pa. Ìkẹta, bí ẹ̀rọ bá ń gbóná tó tún ń tutù, irin àti awọ kì í sún kì bákan náà. Awọ á ṣí.

Àwọn ará Jülich ní Jámánì àti ilé iṣẹ́ ThyssenKrupp ló ṣe Crofer 22 APU láti kojú èyí. Kírómíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 22 nínú 100. Máńgánéèsì díẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń gòkè wá ṣe awọ kejì lórí ti àkọ́kọ́, kí èyí tó ń fò lọ lè dín kù. Láńtánọ́ọ̀mù bíńtín sì ń di awọ mú ṣinṣin. Àwọn mìíràn tún ń fi máńgánéèsì pẹ̀lú kóbáàlì kun irin náà lójú.

Kí ló kan ará Ojú Ẹlẹ́gbà nínú èyí? Ó kàn án gan-an. Irú fuel cell yìí lè lo gáàsì ìdáná, gáàsì sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ ni àwa sì ti mọ́ títan ẹ̀rọ nígbà tí NEPA bá lọ, ká pa á tó bá dé. Ẹ̀rọ tó bá ń tutù tó ń gbóná lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, awọ irin rẹ̀ kò ní pẹ́ ṣí. Tọ̀sán-tòru ló yẹ kírú rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe bíi jẹnẹrétọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tẹ́ ẹ wà nídìí ríra ẹ̀rọ fún ìjọba tàbí ilé iṣẹ́, tí oníṣòwò bá gbé e wá, ẹ má wulẹ̀ bi í pé iná mélòó ló ń gbé. Ẹ bi í pé: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti pa á tẹ́ ẹ tún tàn án? Irú afẹ́fẹ́ wo lẹ sì fi dán an wò?