Udoji: A Gba Owó, A Fi Ìwọ̀n Sílẹ̀

Bí ẹ bá dárúkọ Udoji létí àgbà tó jẹ́ tíṣà tàbí akọ̀wé ìjọba ní Ìwó lọ́dún 1975, owó ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ẹlòmíràn fi ra rédíò, ẹlòmíràn fi ra alùpùpù. Títí dòní, àwọn àgbà ṣì ń pe owó tó bá já lù wọ́n ní "Udoji".

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji sọ̀rọ̀ lé. Ọdún 1972 ni ìjọba Gowon gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n sì jábọ̀ lọ́dún 1974. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó fẹ́ ṣe láṣeyọrí, kí a máa wo òṣìṣẹ́ bó ṣe ṣiṣẹ́ sí, kí òun náà sì rí ohun tí ọ̀gá kọ nípa rẹ̀. Ìjọba gbé owó oṣù sókè, ó san àjẹsílẹ̀ láti oṣù kẹrin 1974. Ìyókù kò rìn jìnnà. Ọjà gbówó lórí, àwọn dókítà àti ẹnjiníà sì daṣẹ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbé àwọn sí ìpele tó rẹlẹ̀ ju tàwọn alákòóso lọ.

Ohun tó kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni fọ́ọ̀mù APER tí wọ́n ń kọ lọ́dọọdún. Ọ̀gá ló ń fún ọ ní máàkì, nítorí náà ẹni tó mọ ọ̀gá kí lè gbà ju ẹni tó mọṣẹ́ lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá wá so owó oṣù mọ́ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ta ni yóò di òṣùwọ̀n mú? Kí sì ni a ó fi wọn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: iye aláìsàn tó tọ́jú ni, àbí iye tó sàn, nílé ìwòsàn tí kò sí oògùn?

Èmi kò rò pé iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun ń sá fún. Láti oṣù keje 2015, nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpele ni wọ́n fi pín owó oṣù: ìpele kìíní sí ìkeje gba owó wọn pé, ìkẹjọ sí ìkẹwàá gba ìdá mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, ìkejìlá sókè gba ààbọ̀. (Ìpele kọkànlá kò sí nínú iṣẹ́ ìjọba wa, ẹ má bi mí ìdí rẹ̀.) Ọ̀gá ilé ìwé tó ń tètè dé àti èyí tó ń sùn nílé, ààbọ̀ kan náà ni. Oṣù 30 ni wọ́n fi gba á bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fẹ̀yìn tì láìrí ìyókù, ìjọba Adélékè ló sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó iṣẹ́ tó ti ṣe tán ni wọ́n fẹ́ sọ fún báyìí pé bó bá ṣe ṣiṣẹ́ tó ni yóò gbowó tó.