Kògbóògùn: ọ̀rọ̀ kan àti ara ọmọ jòjòló

Ní Ifangni, níbi tí Igolo ti dojú kọ Ìdìrókò, orúkọ méjì àjèjì ni àrùn kan ṣoṣo ń jẹ́. Ẹni tó kàwé ní èdè Faransé bíi tèmi ń pè é ní síídà. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò Nàìjíríà ń pè é ní éèdì. Éèdì kò lè fi àyálò rẹ̀ pamọ́: ọ̀rọ̀-orúkọ àbínibí Yorùbá kì í fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀. Ohùn yìí náà ló yà á sọ́tọ̀ sí èèdì tí í ṣe àsàsí. Ṣùgbọ́n orúkọ kẹta, kògbóògùn, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí òun ni Yorùbá fúnra rẹ̀ sọ.

Kò gbọ́ oògùn. Òótọ́ ni nígbà kan. Ní 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur rí kòkòrò náà. Ní 1985, nígbà tí wọ́n rí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Benin, kò sí oògùn kankan fún un. AZT kò dé títí di 1987.

Ohun tí orúkọ yìí bò mọ́lẹ̀ ni àkókò, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ọmọ jòjòló wà. A ní ọ̀rọ̀ tó dára fún agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀: àjẹsára. Àgbàlagbà ti ní tirẹ̀, ara rẹ̀ mọ àrùn tó ti bá jà rí. Ọmọ tuntun kò tíì bá èyíkéyìí jà. Ti ìyá rẹ̀ ló ń ná. Sẹ́ẹ̀lì CD4 tó ń darí ìjà náà pọ̀ lára rẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, inú wọn sì ni HIV ti ń bí sí i. Lára àgbàlagbà, iye kòkòrò máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lára ọmọ ọwọ́, ó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òtútù àyà tí ara tó pé yóò lé dànù lè pa á kó tó pé oṣù 6. Ìwádìí tí Marie-Louise Newell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé, nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó ní kòkòrò náà tí wọn kò rí ìtọ́jú, ó ju ìdajì lọ tó kú kí wọ́n tó pé ọdún 2.

Ẹ̀bùn ìyá náà tún ń da àyẹ̀wò rú: títí di oṣù 18, àyẹ̀wò tó ń wá àjẹsára HIV nínú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ti ìyá ló rí. Kòkòrò náà gan-an ni a gbọ́dọ̀ wá, pẹ̀lú PCR.

Ní 2008, ìwádìí CHER ní South Africa fi hàn pé bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, ikú máa ń dín kù ní ìdá 76 nínú 100. Àrùn náà gbọ́ oògùn. Àwọn kan lè ní oògùn kò tíì wò ó tán, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ṣì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí sísàn. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé kògbóògùn ló ń ṣe ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé oògùn lé e lọ́wọ́, èwo ni kó gbà gbọ́?

Síídà kò sọ ohunkóhun fún etí Yorùbá, kò sì purọ́ fún un. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìlera tí mò ń ṣe, òun ni mo fi ṣáájú. Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ kògbóògùn pé ọ̀rọ̀ ayé ìgbà tí oògùn kò tíì dé ni.